Nígbà tí Bàbá Ń La Ààrò Àtijọ́

Bíríkì kan ṣoṣo ni Bàbá tíì yọ lára ògiri tí omi dúdú fi tú jáde. Kò kán tótó. Ńṣe ló tú bí ìgbà tí ènìyàn da omi ìfọṣọ nù, ó gba orí aṣọ bẹ́ẹ̀dì àlòkù tí màmá mi tẹ́ sílẹ̀, ó sì forí lé abẹ́ ibùsùn àbúrò mi. Òórùn tó tẹ̀ lé e ló lé mi dé ẹnu ọ̀nà: èéfín àtijọ́, ewé tó ti jẹrà, àti nǹkan kan bí ìyẹ́ adìẹ tí òjò pa. Dádì mi, tí wọ́n ń gbé ẹrù tó tóbi jù mí lọ lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́, fò sẹ́yìn. Màmá mi gbá àbúrò mi mọ́ra.

Bàbá nìkan ni kò yẹra. Wọ́n ti apá bọ inú ihò náà títí dé èjìká, wọ́n ń tá ọwọ́ kiri bí ẹni ń wá ẹja nínú odò tó dàrú. Nígbà tí wọ́n fa ọwọ́ yọ, igi wẹ́wẹ́, ìyẹ́ ẹyẹlé àti ẹrẹ̀ ló kún un. Wọ́n gbóòórùn ìka wọn, wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ògiri yìí ti ń mu omi láti ọjọ́ pípẹ́,” wọ́n ní. “Ẹ gbé ọmọ yẹn kúrò nínú yàrá yìí lónìí.”

Ìta Novara, ní Italy, ni ilé náà wà, ní abúlé kan tí oko ìrẹsì yí ká. Ní ìgbà ìrúwé, àwọn àgbẹ̀ á fi omi kún oko títí gbogbo ilẹ̀ á fi máa dán bíi dígí. Nígbà òtútù, kùrukùru á sọ̀ kalẹ̀, a ò sì ní rí igi tó wà níwájú ilé. Ilé àtijọ́ ni, tí wọ́n pín sí ilé kéékèèké yí cortile kan ká, ìyẹn àgbàlá tí gbogbo ayálégbé jọ ń gbà wọlé. Yàrá méjì péré ni tiwa. Nínú èyí tí èmi àti àbúrò mi ń sùn, àmì dúdú máa ń bo ògiri bí èèrà tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Màmá mi á fi omi líle nù ún, á tún padà wá. Aṣọ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ máa ń tutù lára ẹni láàárọ̀ bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a lórí okùn.

Àbúrò mi kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, àyà rẹ̀ á máa han, egungun ìhà rẹ̀ á máa wọlé, á máa jáde. A ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Dókítà sọ fún màmá mi pé bí yàrá bá ṣì ń rin báyìí, oògùn kò lè ṣe ju bó ṣe ń ṣe lọ. Gbólóhùn yẹn ni wọ́n gbé wálé, wọn kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bó ṣe di ọ̀rọ̀ stufa nìyẹn. Ọ̀rẹ́ dádì mi kan ní magazzino tí wọ́n ti ń kó ẹrù ló fún wọn, ààrò onírin dúdú tó ń jó igi. Ààrò àtijọ́ kan sì wà lára ògiri yàrá wa, tí àwọn tó ti gbé ibẹ̀ ṣáájú wa fi bíríkì dí lójú. Lójú dádì mi, kí àwọn kàn lu ihò síbẹ̀, kí àwọn ti páìpù bọ̀ ọ́, ó parí. Onílé ti ní kò burú, tí kò bá ṣáà ti ní ná òun ní nǹkan kan. Màmá mi ló ta kú pé àfi kí wọ́n kọ́kọ́ pe Bàbá.

Àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa ni Bàbá, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n lórúkọ mìíràn. Bíríkìlà ni wọ́n ní Ìbàdàn, bíríkìlà náà ni wọ́n ṣe ní Bergamo títí orúnkún fi kọ̀ fún wọn láti máa gun àkàbà. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n máa ń wọ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú àpò kan tí àwọn irin iṣẹ́ ń dún nínú rẹ̀. Òórùn ìpara gbígbóná tí wọ́n fi ń ra orúnkún máa ń ṣáájú wọn wọlé. Wọn kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti mu tíì onímílíìkì, tí wọ́n á ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́ títí á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi oríkèé ìka gbá ògiri, wọ́n á gbé etí lé e, wọ́n á sún díẹ̀, wọ́n á tún gbá a, bí ìyá tó ń tẹ́tí sí àyà ọmọ rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ wọ́n lára, orin ìjọ á máa jáde nímú wọn láìsí ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí omi dúdú yẹn tú, iṣẹ́ tí dádì mi rò pé ọ̀sán kan á tó gba gbogbo oṣù. Bàbá yọ bíríkì tó kù tán, wọ́n sì kó ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jáde: ìtẹ́ ẹyẹlé lórí ìtẹ́ ẹyẹlé, egungun tín-ín-rín, bíríkì fífọ́, àti èéfín tó ti di ẹrẹ̀. Ẹ̀rù bà mí láti wo egungun wọ̀nyẹn, síbẹ̀ mo ń wò wọ́n. Bàbá ní kí dádì mi gun òrùlé, dádì mi sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ojú tó yí padà. Ẹnu ọ̀nà èéfín ti ya sílẹ̀ lókè pátápátá, kò ní ìdérí kankan. Gbogbo òjò tó ti rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dí ààrò náà, inú ògiri wa ló ń bọ́ sí, sí ẹ̀gbẹ́ orí àbúrò mi gan-an, kò sì rí ibi gbà jáde.

Bàbá ní kí wọ́n fi ìdérí onírin bo òkè rẹ̀, irú èyí tí òjò kò lè gbà wọlé ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ lè gbà. Wọ́n gbá ọ̀nà èéfín mọ́ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ onírin. Wọ́n ha gbogbo sìmẹ́ǹtì tó wà nínú ààrò kúrò, nítorí wọ́n ní sìmẹ́ǹtì ló há omi mọ́nú. Calce ni wọ́n máa fi rẹ́ ẹ, ẹfun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ yanrìn, tó máa ń jẹ́ kí ògiri mí. Dádì mi fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí òtútù ti ń bọ̀. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní ògiri tó bá ṣì ń sunkún, ẹni tó bá pa á lẹ́nu mọ́ á tún padà wá bá ẹkún náà. Torí náà a fi ààrò náà sílẹ̀ gbayawu láti máa gbẹ, a sì kó ibùsùn wa lọ sí yàrá àwọn òbí wa.

Kí Bàbá tó lọ ní Sátidé kan, wọ́n gbá ògiri tó wà lẹ́yìn ààrò náà, wọ́n ní ó fẹ́lẹ́, omi ti jẹ àárín bíríkì rẹ̀. Wọ́n bi dádì mi pé kí ló wà lódìkejì. Dádì mi ní ó ní láti jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìrẹsì pamọ́ sí láyé àtijọ́, nítorí kò sí ilẹ̀kùn kankan níhà ibẹ̀ nínú cortile. Bàbá ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ nìyẹn, wọ́n di àpò wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan la gbọ́ ohùn náà. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé àwọn arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú, wọn kò tíì bọ́ bàtà. Ó kọ́kọ́ dún bí ẹni tó ń wọ́ nǹkan nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìkérora gígùn kan jáde láti inú ààrò, ó lọ sílẹ̀, ó tún gòkè. Dádì mi ní ẹyẹlé ni, pé ó ní láti jẹ́ pé ọ̀kan há sínú ọ̀nà èéfín. Màmá mi ní ẹyẹlé kì í kérora bẹ́ẹ̀.

Màmá mi mú òróró àdúrà láti orí fíríìjì. Wọ́n fi ya àmì sí ẹnu ààrò náà, sí ọ̀tún, sí òsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ pé kó jáde. Àwa yòókù ń ṣe àmín. A kọ orin ogun, a pàtẹ́wọ́, àbúrò mi náà ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn màmá mi. Nígbà tí a dákẹ́, kò sí ohùn mọ́. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì lọ se oúnjẹ.

Bàbá dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú àpò calce lórí èjìká. Kùrukùru bò wọ́n débi pé fìlà wọn ni mo kọ́kọ́ rí. Màmá mi ròyìn fún wọn bí Ọlọ́run ṣe ṣẹ́gun lálẹ́ àná. Bàbá gbé ife tíì wọn sílẹ̀ láìtíì mu ún. Wọ́n béèrè irú ohùn tó jẹ́. Màmá mi gbìyànjú láti sín in jẹ, ẹ̀rù sì tún bà mí bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Bàbá dìde, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n sì ti orí bọ inú ààrò.

Wọ́n ju ọwọ́ sẹ́yìn pé kí a dákẹ́. Màmá mi sáré lọ pa omi ẹ̀rọ. Fún ìgbà díẹ̀, mímí àbúrò mi nìkan ni mo ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni Bàbá fa orí jáde, ojú wọn sì ti yí padà débi pé n kò dá wọn mọ̀.

“Ènìyàn ni,” wọ́n ní. “Ìyá arúgbó ni. Italian ló ń sọ.”

Mo rí ọwọ́ màmá mi tó lọ sí ẹnu wọn, tó sì dúró síbẹ̀.

Dádì mi sáré jáde, wọ́n yí gbogbo ilé náà po láti ojú pópó kejì, ibi tí a kì í gbà. Ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n bá ilẹ̀kùn kan, tí fèrèsé rẹ̀ tì pa. Ìyá arúgbó kan ló ń gbé ibẹ̀, tí gbogbo wa mọ̀ lójú. A máa ń rí wọn níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, pẹ̀lú ọ̀pá àti kóòtù aláwọ̀ ewé. A kàn kò mọ̀ rárá pé ilé ìdáná wọn ló fẹ̀yìn ti yàrá wa, pé ọ̀nà èéfín kan náà ni ààrò wọn àti tiwa jọ ń lò. Ilẹ̀kùn náà tì láti inú, kọ́kọ́rọ́ sì wà lára rẹ̀ níbẹ̀. Dádì mi pe àwọn panápaná àti ambulanza, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ṣùgbọ́n kùrukùru ti dí ọ̀nà.

Dádì mi padà wọlé, wọ́n mú òòlù, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì dúró. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá rí ènìyàn dúdú tó ń fi òòlù fọ́ ilẹ̀kùn ìyá arúgbó òyìnbó nínú kùrukùru, ta ló máa dúró gbọ́ àlàyé? Permesso wọn, ìyẹn ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gbé Italy, wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n ń dúró kí wọ́n tún un ṣe.

Bàbá gba òòlù náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní kí dádì mi fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Wọ́n padà sínú ààrò, wọ́n dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin iṣẹ́ wọn yọ ìyẹ̀pẹ̀ tútù láàárín àwọn bíríkì ẹ̀yìn. Wọn kò lu ohunkóhun, kí nǹkan kan má baà wó lu ìyá náà. Bíríkì kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ tiwa ni wọ́n ń fà á sí. Wọ́n pè mí pé kí n wá bá ìyá náà sọ̀rọ̀, nítorí Italian tèmi ló já geere jù. Mo dùbúlẹ̀ nínú eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì pè wọ́n, “Signora.”

“Chi sei?” ohùn kan dáhùn. Ó sún mọ́ mi débi pé mo fẹ́ sá. Ta ni ẹ́, wọ́n ní.

Mo ní èmi ni ọmọ tó wà lódìkejì ògiri. Ìyá náà ní kí n má dákẹ́. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún ẹni tó ń kú lọ, torí náà mo sọ ohun tí a kọ́ nílé ìwé nípa àwọn odò Italy. Mo sọ fún wọn pé àbúrò mi ní eyín tuntun. Mo ń sọ̀rọ̀, Bàbá ń fa bíríkì, ìmọ́lẹ̀ sì yọ láti ọ̀hún. Mo rí ilẹ̀ onítáìlì pupa, sálúbàtà kan tó dojú dé, àti irun funfun. Bàbá na ọwọ́ gba inú ihò náà. Ọwọ́ kan tó tín-ín-rín bí ẹ̀ka igi wá, ó sì dì í mú.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn. Màmá mi ká bùláńkẹ́ẹ̀tì, a fi igi ìgbálẹ̀ tì í gba ihò náà títí ó fi bo ìyá náà. Ara Bàbá ń gbọ̀n nítorí ilẹ̀ tútù, dádì mi ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbà á, wọ́n mi orí. Wọn kò fa ọwọ́ yọ títí àwọn panápaná fi ṣí ilẹ̀kùn ọ̀hún, tí a sì rí bàtà wọn láti inú ihò náà. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ wo ohun tí ìyá arúgbó náà dì mú, ó rí ọwọ́ ènìyàn dúdú tó jáde láti inú ògiri, ó kígbe. Òun nìkan ló kígbe lọ́jọ́ yẹn.

Egungun ìbàdí ìyá náà ló ti fọ́. Ọmọ wọn wá láti Torino. Ó wọ yàrá wa, ó wo ihò inú ààrò, ó wo Bàbá tó jókòó lórí ibùsùn tí ọwọ́ wọn kò tíì lè nà tán. Mo rò pé á bínú nítorí ògiri. Ó gbé ọwọ́ náà, ó sì fi iwájú orí kàn án.

Ohun tó ṣì máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́, ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la gbọ́ ọ, nígbà tí a lọ kí ìyá náà ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti lè jókòó díẹ̀. Wọ́n ní láti ọ̀sán Ẹtì ni àwọn ti ṣubú, àwọn sì wọ́ ara àwọn dé ẹnu ààrò nítorí àwọn máa ń gbọ́ ohùn wa níbẹ̀. Wọ́n kérora, wọ́n pè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ tí gbogbo ilé wa ń pariwo, tí a ń kọrin, tí a ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ọkàn àwọn balẹ̀. Wọ́n rò pé a ti gbọ́, pé a ń dá àwọn lóhùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dákẹ́, wọ́n ń dúró dè wá.

Èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ilé ìwòsàn, níwájú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú aṣọ ìjọ lọ́rùn wọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Àdúrà yín kò burú,” wọ́n ní. “Èmi náà gbá ògiri yẹn, mo ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹ dìde.”

Bàbá tún ihò náà dí kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, wọ́n sì dí i dáadáa. Nígbà tí ìyá náà padà dé, wọ́n bẹ Bàbá pé kí wọ́n lu ojú kékeré kan síbẹ̀ láti máa fi kí wa. Bàbá ní rárá, pé èéfín kò mọ aládùúgbò, pípa ló ń pani. Wọ́n fi calce rẹ́ ààrò náà nígbà tó gbẹ, wọ́n tẹ́ pátákó òkúta sílẹ̀ rẹ̀ lórí rọ́bà tí kò ní jẹ́ kí omi ilẹ̀ gòkè wá. Ọkùnrin kan tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà sì wá ti páìpù onírin gba inú ọ̀nà èéfín dé òkè, páìpù tiwa lọ́tọ̀. Ní àárọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ dáná sí stufa, Bàbá na àtẹ́lẹ́wọ́ sára ògiri lókè ibùsùn àbúrò mi, wọ́n sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó gbẹ, ó lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Òtútù ọdún yẹn, àbúrò mi kò dé ilé ìwòsàn.

Ní ti ìyá náà, ọ̀pá wọn ni wọ́n fi ń gbá ògiri láràárọ̀. Màmá mi á fi ọmọ odó dá wọn lóhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ohùn ọ̀pá náà kò wá, màmá mi ti wọ bàtà jáde lọ wò wọ́n kí a tó jí.

Bàbá ti lọ. Wọ́n padà sí Ìbàdàn nígbà tí orúnkún kò gbà wọ́n mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí, lórí fóònù la ti gbọ́. Padova ni mo ń gbé báyìí, nínú ilé tí a kò nílò stufa, tí ògiri rẹ̀ gbẹ, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ mọ́. Ìjayà ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi, n kò sì fẹ́ kó kúrò. Tí mo bá gbọ́ ohùn tí kò yé mi lẹ́yìn ògiri, n kò lè padà sùn. Ọkọ mi máa ń ní mo ti fẹ́ lọ yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ ohun tó ń wọ́ nílẹ̀ nílé ẹ̀gbẹ́ wa, mo lọ kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin arúgbó kan ló ṣí i. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù ni òun ń sún, kò sí nǹkan. Ojú tì mí, mo tọrọ àforíjì. Bí mo ṣe yí padà, ó pè mí, ó sì béèrè orúkọ mi. Láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé ilé yẹn, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín orí wa tí a bá ń sùn, kò tíì sí ẹni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ rí. Mo sọ fún un. Ó pè é tì, mo tún un pè, ó tún gbìyànjú.